Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Tọpinpin Ẹ̀rí Lórí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ títọpinpin ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ sínú àbọ̀ ìwádìí yín lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó sì lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣí fáìlì lórí sáfà tí gbogbo iléeṣẹ́ jọ ń lò, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni fáìlì náà ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ká ìrìn náà sílẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí kò sì gbọdọ̀ sọ ju ohun tó rí lọ.

1. Ẹ gba àṣẹ lákọọ́lẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ká dátà tí kì í ṣe ti gbogbo ayé sílẹ̀ láìgbàṣẹ.

2. Ẹ pa ojúlówó ohun tí ẹ ká sílẹ̀ mọ́. Gbàrà tí ẹ bá ká a tán, ẹ ṣírò SHA-256 rẹ̀, ìyẹn àmì tó ń fi hàn bí nǹkan bá yí padà nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Ẹ kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín aago ẹ̀rọ yín àti ti sáfà. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ ohun tí ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní kí ilé ẹjọ́ tó gbà á.

3. Ẹ mọ ọ̀nà tí fáìlì ń gbà. SMB, ìlànà tí Windows fi ń pín fáìlì, ń gba pọ́ọ̀tù 445. NFS, ojúgbà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lórí Linux, ń gba 2049. Bí wọn kò bá fi kọ́kọ́rọ́ ti dátà SMB pa, Wireshark, irinṣẹ́ tó ń ka ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á fi orúkọ fáìlì hàn yín, á sì fi hàn bóyá wọ́n kà á, wọ́n kọ nǹkan sí i tàbí wọ́n pa á rẹ́. Ó tilẹ̀ lè to fáìlì náà jọ padà. Ṣùgbọ́n láti 2012 ni SMB 3 ti lè ti dátà pa. Láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ ò ní rí inú rẹ̀.

4. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Nínú NFS ẹ̀dà 3, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ̀rọ ń fi orúkọ béèrè fáìlì. Sáfà á fún un ní àmì kan, àmì yẹn nìkan ló sì máa ń bá kíkà àti kíkọ rìn lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ ó rí ohun tó ń kọjá, ẹ ò ní mọ orúkọ rẹ̀.

5. Ẹ má ṣe sọ pé ohun tí ẹ kò rí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ lè ti tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sínú ara rẹ̀, kó sì kà á láì tún béèrè lọ́wọ́ sáfà.

6. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ sáfà àti dísíìkì ẹ̀rọ náà wò pẹ̀lú. Ní May 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ọ̀nà SMB láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ẹni tó bá wo ìrìn yẹn nìkan lè dá ẹ̀bi fún ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ibi tí ẹ̀rí bá dúró sí, ẹ dúró síbẹ̀. Orúkọ èèyàn ló wà lọ́wọ́ yín.