Omi Táǹkì Ẹja Àrọ̀: Bí A Ṣe Ń Sẹ́ Ẹ Kó Lè Mọ́ Fún Ẹja

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú táǹkì kékeré ní ẹ̀yìnkùlé, yálà táǹkì sìmẹ́ńtì, táǹkì rọ́bà onílítà 1000, tàbí ti tàpólì tí wọ́n fi igi yí ká. Ẹni tó ní adágún tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ náà lè kà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, a ó fọwọ́ bà á tó bá yá.

Kò sí ohun tó ń dun àgbẹ̀ bíi kó ra ọmọ ẹja, kó ra oúnjẹ wọn tó wọ́n bí ojú, kó wá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó bá wọn lójú omi, ikùn wọn lókè. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ẹni tó ta ọmọ ẹja fún àwọn ló tan àwọn jẹ, tàbí pé ẹnì kan ló wá da nǹkan sómi lóru. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ kí ẹ tó bá aládùúgbò jà, ẹ kọ́kọ́ yẹ omi yín wò.

Omi lè mọ́ gaara, kí ẹ máa rí ìsàlẹ̀ táǹkì, síbẹ̀ kó jẹ́ májèlé fún ẹja. Omi sì lè ní àwọ̀ ewé díẹ̀, kí ẹja máa jẹun nínú rẹ̀ kó sì máa tóbi. Ìdí ni pé èyí tó ń pa ẹja kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Amóníà ni wọ́n ń pè é. Inú oúnjẹ ẹja ló ti ń wá. Ẹja máa ń mú èròjà amáralókun inú oúnjẹ lò, ìyókù rẹ̀ á sì jáde sínú omi láti ibi pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja, tó fi ń mí. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán náà máa ń di amóníà bí wọ́n bá ti rà nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ní ọmọ ẹja 250 nínú táǹkì onílítà 1000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó gíráàmù 10. Oúnjẹ wọn lóòjọ́ á tó gíráàmù 100. Bí èròjà amáralókun inú oúnjẹ náà bá jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, amóníà tó máa bọ́ sínú omi lọ́jọ́ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 4. Ó dà bí ohun kékeré, àbí? Lọ́jọ́ kejì, òmíràn á tún bọ́ síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Bí ẹ ò bá tú omi, tí kò sì sí ohun tó ń gbé e kúrò, kò ní pẹ́ rárá kó tó le.

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí. Kì í ṣe gbogbo amóníà ló ń pa ẹja bákan náà. Bí omi ṣe kan tàbí bí kò ṣe kan ló ń pinnu rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi pH wọ̀n. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, bí pH bá jẹ́ 7, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún amóníà náà tó jẹ́ èyí tó ń pani. Bí pH bá di 8, ó di bíi 6 tàbí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di 9, á tó nǹkan bí 40. Ẹja kan náà, oúnjẹ kan náà, omi tó mọ́ gaara kan náà, àmọ́ ọ̀kan á yè, èkejì á kú.

Ìdí nìyí tí táǹkì sìmẹ́ńtì tuntun fi máa ń ṣekú pa ọmọ ẹja. Sìmẹ́ńtì tuntun máa ń tú efun sómi, pH omi á sì lọ sókè. Ẹ má ṣe kó ẹja sínú táǹkì tuntun lọ́sẹ̀ tí bíríkìlà parí iṣẹ́. Ẹ rọ omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tú u dànù, ẹ tún rọ òmíràn, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀. A ò ní kí wọ́n má ṣe é, àmọ́ ìdánwò omi ló ń sọ òtítọ́. Ẹ ra ohun èlò ìdánwò pH. Owó rẹ̀ ò tó owó ọmọ ẹja tó máa kú.

Ẹ wá gbọ́ bí omi ṣe ń mọ́ ní tòótọ́. Ọlọ́run dá àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tó jẹ́ pé amóníà gan-an ni oúnjẹ wọn. Irú kan á sọ amóníà di nítíráìtì, irú kejì á sọ nítíráìtì di nítíréètì. Nítíréètì ò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹja lára, òun sì ni ajílẹ̀ tí ẹ̀fọ́ ń fẹ́. Àwọn kòkòrò yìí kì í léfòó kiri. Ara òkúta, ara fóòmù, ara ògiri táǹkì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀. Àwọn tó ń sin ẹja òkun aláràbarà nínú àpótí gíláàsì ní parọ́ọ̀ kò ní àṣírí mìíràn ju èyí lọ. Ohun tí a ń pè ní asẹ́, ilé tí a kọ́ fún kòkòrò ni.

Asẹ́ tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe nìyí. Ẹ wá dúróòmù rọ́bà méjì tí kò gbé kẹ́míkà rí. Ti oró kòkòrò oko, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Dúróòmù àkọ́kọ́ ò ní gba nǹkan kan sínú, omi á kàn dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí ìgbẹ́ ẹja rọlẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ lè máa tú ìdọ̀tí dànù láàárọ̀. Láti òkè dúróòmù yìí ni omi á ti gba páìpù lọ sí ìsàlẹ̀ dúróòmù kejì. Nínú èkejì, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ dáadáa sí i títí dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí òkúta náà tóbi tó orí àtàǹpàkò. Ẹ da ìkarahun ìgbín tàbí ti ìṣáwùrú tí ẹ fọ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò yẹn máa ń mú omi kan, ìkarahun ni kì í jẹ́ kó kan jù. Omi á máa gòkè láàárín òkúta, á wá jáde lókè padà sínú táǹkì ẹja. Ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti òkè kó máa tàn ká, ibẹ̀ ló ti ń gba ọ́síjìn.

Ẹ má fi iyanrìn ṣe é. Lóòótọ́ ló ń mú omi mọ́ lójú, àmọ́ kò ní pẹ́ dí. Èédú ìdáná náà ò ní kó amóníà tó nǹkan. Pọ́ǹpù kékeré tó lè yí omi táǹkì ká lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan ti tó.

Asẹ́ tuntun ò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò náà tó pọ̀ tó. Láàárín ìgbà yẹn, ẹja díẹ̀ ni kí ẹ kó sí i, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ sì máa tú omi díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni nítíráìtì máa ń pọ̀, ó sì máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀ tí kò fi lè gbé ọ́síjìn. Iyọ̀ ọbẹ̀ gíráàmù 200 nínú omi lítà 1000 máa ń dáàbò bo ẹja. Ẹ pò ó sínú omi lọ́tọ̀ kí ẹ tó dà á sínú táǹkì. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọ òkúta asẹ́, omi táǹkì ni kí ẹ fi ṣàn án. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórìnì á pa gbogbo kòkòrò tí ẹ ti ń dúró dè.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí omi bá dúró nínú asẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ọ́síjìn inú rẹ̀ á tán, òórùn á sì bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, ẹ tú omi inú asẹ́ dànù ná, ẹ má jẹ́ kó padà sórí ẹja.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, “Ọ̀gá, iná ò sí ládùúgbò wa rárá.” Tiyín náà wà níbí, lójú tèmi òun ló dára jù fún ọ̀pọ̀ wa. Ihò tí omi ń gbà jáde láàárín ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ ki páìpù oní-ínṣì méjì bọ̀ ọ́ kó dúró ṣánṣán. Gíga rẹ̀ ni omi á fi mọ. Ẹ wá fi páìpù oní-ínṣì mẹ́rin bò ó mọ́lẹ̀, kó ga ju ojú omi lọ, kí ẹ sì gé eyín sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi eyín ayùn. Bí ẹ bá rọ omi tuntun sí táǹkì láti òkè, omi tó máa jáde kò ní jẹ́ èyí tó mọ́ lókè, ti ìsàlẹ̀ tó kún fún ìgbẹ́ ni. Kí eyín náà má fẹ̀ tó ọmọ ẹja yín o.

Bí ẹ bá ń tú omi, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti tó lẹ́ẹ̀kan, láti ìsàlẹ̀. Títú gbogbo rẹ̀ dànù kí ẹ wá rọ omi tútù sí i lójijì máa ń dá ẹja lágara. Omi ẹ̀rọ, ẹ gbé e síta láìdé e fún ọjọ́ kan sí méjì kí kílórìnì lè jáde. Omi bóòhóòlù kì í sábà ní ọ́síjìn, òmíràn sì ní irin nínú tó máa ń pọ́n bí ìpẹtà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ẹ jẹ́ kó tàn ká láti òkè sínú táǹkì mìíràn, kí ìpẹtà yẹn rọlẹ̀ ná. Ọmọ ẹja tí kò tíì tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè gbé ẹnu sókè mí bíi ti àgbà àrọ̀, inú omi nìkan ló ti ń rí ọ́síjìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní adágún ilẹ̀, omi aláwọ̀ ewé ò burú fún yín, nítorí ewé wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa ń jẹ amóníà. Ẹ ki apá bọ omi títí dé ìgúnpá. Bí ẹ ò bá rí àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ kí ìgúnpá tó wọlé, ó ti ki jù. Ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ rọ omi tuntun sí i, nítorí lóru, àwọn ewé náà ń bá ẹja pín ọ́síjìn.

Ìṣọ́ra tó pọ̀ jù wà ní ọwọ́ tó ń fún ẹja lóúnjẹ. Ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró wò wọ́n. Bí oúnjẹ bá ń léfòó tí ẹja ò já a mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí ẹja bá dédé kọ oúnjẹ, tàbí tí gbogbo wọn so rọ̀ lójú omi, ẹ má tún fún wọn ní nǹkan kan. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

Omi tí ẹ bá tú, ẹ má dà á sójú títì tàbí sínú odò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀. Àmọ́ ẹ má bu omi náà lé ewé ẹ̀fọ́ tí ẹ máa jẹ lórí, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bu ú sí.