Èdè-Ìperí fún Ìjíhìn Amòòkùn tí ó Ń Dóòlà Ẹ̀mí

Láti ara 'mòòkùn' ni 'amòòkùn alágbá' ti jáde, èyíinì ni ẹni tí ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ abẹ́ omi. Èyí kò nira. Ti òfin ni ó nira: bí amòòkùn tí ó ti gba ẹ̀kọ́ bá fẹ́ yọ ẹlòmíràn nínú ewu, tí onítọ̀hún sì fara pa, kí ni orúkọ ohun tí ilé ẹjọ́ lè dì rù ú?

'Ẹ̀bi' ni àwọn atúmọ̀ sábà ń sáré mú. Kò tọ́. Ẹ̀bi a máa sọ ènìyàn di ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ó fara pa ni irú ẹjọ́ yìí sábà ń dá lé, kì í ṣe owó ìtanràn fún ìjọba. 'Ìjíhìn' ni ó sún mọ́ ọn jù. 'Àìbìkítà' pẹ̀lú kò bá a mu. Ta ni ó bìkítà ju ẹni tí ó bẹ́ sómi nítorí ẹlòmíràn? 'Àìṣọ́ra' ni ó yẹ, nítorí ènìyàn lè bìkítà kí ó má ṣọ́ra.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní jíjìn mítà 10, ìlọ́po 2 ti ojú omi ni agbára tí ó ń tẹ ara. Bí a bá fa amòòkùn tí ó ti mí afẹ́fẹ́ inú àgbá sókè kíákíá, tí ó sì sé èémí, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò fẹ̀, ó sì lè fà á ya. Amòòkùn mọ èyí. Apẹja tí ó ń kọjá lè má mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀kọ́ tí ènìyàn gbà wọn ìṣọ́ra rẹ̀, láìgbàgbé pé pàjáwìrì ni.

Nínú òfin àtilẹ̀wá Gẹ̀ẹ́sì, kò sí 'ojúṣe' láti yọ àjèjì. Olùkọ́ ìmòòkùn ni ó ní in sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó lè ranni lọ́wọ́ láìfi ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn wewu, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti ìtanràn 75,000 yúrò jura. Níbẹ̀, 'ẹ̀bi' gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè yí ìdájọ́ padà. Ní 2008, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kalifóníà sọ pé ìtọ́jú ìṣègùn nìkan ni òfin tí ó ń dáàbò bo aláàánú kàn, kò kan fífa ènìyàn jáde nínú ọkọ̀ tí ó forí sọ nǹkan. Ní 2009 ni àwọn aṣòfin fi ìrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe ti ìṣègùn kún un, àyàfi ti àìṣọ́ra paraku tàbí ìwà ìkà. Atúmọ̀ tí ó bá kọ 'ìtọ́jú' níbi tí 'ìrànlọ́wọ́' yẹ kí ó wà ti lé amòòkùn jáde kúrò lábẹ́ ààbò òfin náà.