Iṣẹ́ Olùṣọ́ Àṣírí Aráàlú

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí orúkọ, àwòrán àti nọ́ńbà fóònù àwọn ẹlòmíràn ti ń gba ọwọ́ àwọn atẹ̀wé wa kọjá. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà, òfin náà ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, ó sì lè jẹ́ alágbàṣe. Nítorí náà ẹnì kan lè ṣe é fún ilé-iṣẹ́ púpọ̀. Eré kọ́ o: ní 2024, Àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀ bu ìtanràn mílíọ̀nù 555.8 náírà lé Fidelity Bank.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹni tí ó lè ka òfin kí ó yé e, tí ó lè kọ lẹ́tà tí ó já gaara, tí ó sì lè wí fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Èyí kò tọ́,” ni a ń wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ jẹ́ amòfin tàbí akọ̀wé ilé ìwòsàn ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè kọ́kọ́ béèrè níbi iṣẹ́ rẹ̀: ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀?