Èéfín, Jíjò àti Dídí: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Nínú Iṣẹ́ Àtúnṣe Jẹnẹrétọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún iṣẹ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fojú fo àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà. Ní Àkúrẹ́, tí ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, àti ní ìlú Oǹdó, àwọn tí ń tún jẹnẹrétọ̀ (ẹ̀rọ amúnáwá) ṣe ní orúkọ fún ẹ̀yà ara rẹ̀: sáléńsà, gásíkẹ́ẹ̀tì, ríìngì, pọ́lọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀. Àyálò ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti di ti Yorùbá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àyálò rárá ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò: jò, dí àti èéfín. Nítorí pé tọmọdé tàgbà ló mọ̀ wọ́n, olùtumọ̀ kì í fura sí wọn. Bẹ́ẹ̀, àṣìlò wọn lè gba ẹ̀mí.

2. Jò

Ohun tí ó lu tàbí tí ó sán ni ó sábà máa ń jẹ́ olùwà fún ọ̀rọ̀-ìṣe yìí: ilé ń jò, korobá ń jò, táyà ń jò. Nítorí náà, "sáléńsà ń jò" ń sọ fún ni pé ojú ìsopọ̀ kan ti ṣí tàbí pé irin ti sán. "Èéfín ń rú" kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èéfín a máa rú láti ẹnu sáléńsà tí kò ní àbùkù kankan. Bí ọ́ìlì bá ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára gásíkẹ́ẹ̀tì, sun ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń sun láti inú ilẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó bá pe gbogbo wọn ní jíjò yóò da akẹ́kọ̀ọ́ rú.

3. Dí

Bí ojú ìsopọ̀ bá ń jò, alátùn-únṣe a tú sáléńsà, a ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, a nu ojú irin, a fi tuntun sí i, a sì dè é le. Bí irin ni ó sán, a ní kí wẹ́dà jó o pọ̀. Gọ́ọ̀mù tí kò lè fara da ooru kò wúlò níbẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi jóná.

"Mo ti dí i" ni alátùn-únṣe yóò wí. Kí ni ó dí? Bí a bá dí ihò eku, eku kò ní jáde mọ́. Ṣùgbọ́n sáléńsà tí a dí kò dáwọ́ èéfín dúró. Ó kàn darí rẹ̀ sí ẹnu tí ó yẹ kí ó gbà jáde ni. Oníbàárà tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, kí olùtumọ̀ máa dárúkọ àbọ̀: "dí ojú ìsopọ̀". Kò gbọdọ̀ kọ "dí èéfín".

4. Èéfín

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà: kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ohun tí ojú ń rí, tí imú ń gbọ́, ni èéfín. Alátùn-únṣe pàápàá ń fi ojú kà á: bí ó bá fara jọ àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jó, bí ó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì, tí ń wá láti inú epo tí kò jóná tán, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn kiri ara a máa dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ bí ó ṣe ń dì mọ́ ọ́síjìn. Orí a fọ́ni, òòyì a kọ́ni, èébì a gbéni. Ẹni tí ó ti sùn lè má jí mọ́.

Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn fi òdì kejì hàn. Wáyà gbígbóná inú rẹ̀ a máa sọ epo fífúyẹ́ di ìkùukùu funfun láìjó o níná. Alátùn-únṣe rẹ̀ náà a máa dí ojú ìsopọ̀, kí epo má baà sun jáde. Ohun tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe èéfín iná. Ohun tí a kò rí lẹ́nu sáléńsà ni ó ń pani.

5. Àbá

"Afẹ́fẹ́ burúkú" kò dára fún un, nítorí pé yóò mú ọkàn ènìyàn lọ sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá àti àdúrà. "Gáàsì" nìkan ń mú gáàsì ìdáná wá sí ọkàn, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí kí á lè tètè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ó sàn kí a lo "afẹ́fẹ́ májèlé àìfojúrí" fún ìkìlọ̀ gbogbo ènìyàn, kí "kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì" sì wà fún ìwé kẹ́mísírì.

Dípò "Ẹ má jẹ́ kí èéfín wọlé", ìkìlọ̀ tí ó péye ni: "Bí ẹ kò tilẹ̀ rí èéfín, afẹ́fẹ́ májèlé àìfojúrí ń jáde nígbàkúùgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ìbáà jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀."