Ẹrù Tí Ọmọdé Rù Kúrò ní Accra

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí a máa sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá rántí àwọn ará wa tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, Èjìgbò àti Ọ̀fà Mọjọ̀ ru ọjà lọ sí ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n ṣòwò ní Accra etí òkun, tí wọ́n sì fi ìdí ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi múlẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò nílùú, ẹni tí ó kọ́lé fi ilé sílẹ̀, ẹni tí ó ní ìsọ̀ ta ọjà rẹ̀ ní ìtakúta, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì dá bí ọjà tí ó ti tú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí ọmọ ti kọ́ sórí ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò sí oníbodè tí ó lè tú u wò, kò sì gba àyè nínú ọkọ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn Ìmàle aládùúgbò wa mọ èyí jù wá lọ, nítorí àti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn lóṣòó, nígbà tí àwa ń wí pé ọmọ kò tíì gbọ́n tó.

Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Accra ń sọ Gã ní àdúgbò, Twi lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Bí a bá fi Yorùbá nìkan ka Bíbélì fún un, omi inú ajere ni. Míṣọ́nnárì Zimmermann ti parí Bíbélì èdè Gã láti ọdún 1866, kí odindi Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1884, nítorí náà àwáwí kò sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ìtàn Bíbélì ní Yorùbá, kí ọmọ tún un sọ ní Gã. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ kò tíì kọ́ ọ dáadáa.

Olùkọ́ pàápàá a máa gba èrè tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo ń sọ ìtàn Dáfídì ọmọ Jésè, akọni oníkànnàkànnà, ni ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká bá bi mí pé: “Bàbá, òkúta kan ló pa Gòláyátì, kí ló dé tí ó fi ṣa márùn-ún?” Ẹnu mi wọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka ìtàn yẹn, n kò ronú kan òkúta mẹ́rin tí ó kù nínú àpò rí. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ka Sámúẹ́lì Kìíní bí ẹni tí kò kà á rí. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo bá a ní ìjókòó iwájú, ó ti ṣa òkúta wẹ́wẹ́ márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń dúró dè mí.