Kí ló wà nínú ìkòkò aró? Kẹ́mísírì, aṣọ, àti àwọn obìnrin tí a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀

Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ tòní dá lé lórí: aró. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ ká jọ wò, láti nǹkan bí ọdún 1640 títí dé 1825: ìkòkò kan, aṣọ kan, àti ìwé kan. Ọwọ́ obìnrin wà nínú gbogbo wọn, aró ló sì so wọ́n pọ̀ láti etí òkun kan dé èkejì. Àmọ́ ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Kẹ́mísírì ni mò ń kà fún oyè kejì, iṣẹ́ ìwádìí mi sì jẹ mọ́ àwọn àwọ̀ tí à ń rí lára ewéko. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ṣe aró ìbílẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò wa. Mo ra èlú gbígbẹ lọ́jà, mo sẹ́ omi eérú, mo wọn pH rẹ̀, ó lé ní 10. Ó dáa. Mo da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ike ńlá, mo wá ń dúró. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí i, tí mò ń rò ó dáadáa bí ẹni ń ro àmàlà, tí mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́. Mo yọ ọ́, mo fi omi ṣàn án, gbogbo àwọ̀ bá omi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Òṣogbo ló ti ṣe é, fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rí Màmá Àgbà tí wọ́n á fi ìka kan tọ́ omi aró lá, wọ́n á mirí, wọ́n á ní, "Ó ku díẹ̀." Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo máa ń fi ìtàn yìí pa àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́rìn-ín: ìyá arúgbó tó ń fi ahọ́n wọn pH. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyẹn.

Nǹkan kìíní: ìkòkò

Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní kọ ìṣirò kankan síbí. Ẹ ṣáà fọkàn bá mi lọ.

Ewé èlú tútù kò ní aró nínú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni nǹkan kan tí kò láwọ̀, tí à ń pè ní indican. Ẹ rò ó bíi ṣúgà tó so mọ́ nǹkan mìíràn tó ń jẹ́ indoxyl. Tí wọ́n bá gún ewé náà lódó, ẹ́ńsáìmù inú ewé á já ṣúgà yẹn kúrò. Indoxyl tó kù, bó bá ti fara kan afẹ́fẹ́, méjìméjì á so pọ̀, wọ́n á di indigo. Indigo yìí gan-an ni àwọ̀ aró. Ìdí nìyẹn tí èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì sá sóòrùn fi máa ń dúdú.

Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Indigo kì í yòrò nínú omi. Tí ẹ bá kàn pò ó mọ́ omi, tí ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, orí aṣọ lásán ló máa jókòó sí, tẹ́ ẹ bá ti fi omi ṣàn án, ó tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Kó tó lè wọ inú òwú, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà sí oríṣi mìíràn tó ń yòrò, tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú mọ́ àwọ̀ ewé. Nǹkan méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èkíní ni omi eérú, tí álíkálì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ìkòkò. Bí wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ inú ewé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ta ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún indigo. Tí ọ́síjìn bá ráyè wọlé, òun ló máa gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn, indigo ò ní rí nǹkan kan gbà.

Ìgbà tí wọ́n bá wá yọ aṣọ síta ni ọ́síjìn tó wúlò. Aṣọ á jáde láwọ̀ ewé, lójú yín báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀díẹ̀ títí á fi di aró. Indigo ti padà di èyí tí kì í yòrò, àmọ́ inú òwú ló wà báyìí. Omi ò lè gbé e lọ mọ́.

Adolf von Baeyer, ará Jámánì, ló ṣàlàyé bí àwọn átọ̀mù indigo ṣe tò, ní ọdún 1883. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ọdún 1897 ni iléeṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá. Ní ti bakitéríà, ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ̀kan lórúkọ, Clostridium isatidis, tí wọ́n rí nínú irú aró tí àwọn ará Yúróòpù ń fi ewéko woad ṣe.

Ẹ wá gbọ́. Ní ìparí ọdún 1825, arìnrìnàjò kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton gba Ìjànná kọjá, lápá ibi tí à ń pè ní ilẹ̀ Yewa lónìí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ilé aró tí ìkòkò amọ̀ ńlá tó lé ní ogún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé aró wọn dára, kì í sì í tètè ṣí. Ó ní àwọn obìnrin ni aláró. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ṣáájú Baeyer nìyẹn, iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe tuntun lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Clapperton kọ iye ìkòkò. Kò kọ orúkọ obìnrin kankan.

Nǹkan kejì: aṣọ

Ìkòkò kì í kúrò nílé. Aṣọ ló ń rìn. Nínú mùsíọ́mù ìlú Ulm, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ẹ̀wù òwú méjì kan wà tó wá láti Allada, ní ilẹ̀ tó di Benin Republic lónìí. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann ló kó wọn jọ pẹ̀lú àwọn nǹkan àjèjì mìíràn, ó sì tẹ ìwé àkójọ rẹ̀ jáde ní 1659. Ọpọ́n Ifá kan wà nínú àkójọ yẹn tí ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ọpọ́n ni gbogbo ayé ń sáré lọ wò. Èmi, ẹ̀wù ni mò ń rò. Ta ló ran òwú rẹ̀? Ta ló pa á láró? Orúkọ Weickmann la mọ̀.

Àwọn ẹ̀wù yẹn kì í ṣe nǹkan àrà ọ̀tọ̀ nígbà ayé wọn. Ní àwọn ọdún 1640, àwọn oníṣòwò Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì ń ra aṣọ òwú ní Benin, ìlú Ọba, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kì í ṣe Yúróòpù ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ o. Etíkun Ghana òde òní ni wọ́n ti ń tà á, nítorí góòlù. Àwọn obìnrin ló ń hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀, lórí òfì tí wọ́n nà dúró sára ògiri. Aṣọ Ìjẹ̀bú náà wà nínú òwò yìí, ó sì lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

John Adams, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá wá sí Áfíríkà láàárín 1786 sí 1800, kọ ọ́ pé àwọn Potogí ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú àti ti Allada lọ sí Brazil, pé àwọn dúdú tó wà níbẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe torí pé aṣọ náà dára nìkan. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé torí ilẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn, tàbí tí wọ́n ti bí àwọn òbí wọn, ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Òkun kan náà tí wọ́n fi kó àwọn ènìyàn wa lọ ni aṣọ ń gbà lọ. Wọ́n ti lè gba orúkọ lọ́wọ́ obìnrin kan ní Bahia, kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, tó bá dé ọjà, ó mọ aṣọ tí ọwọ́ àwọn ìyá òun ṣe. Pano da costa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn aṣọ etíkun, Áfíríkà ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Orúkọ náà ò tíì parẹ́. Àwọn obìnrin Bahia ṣì ń da pano da costa lé èjìká títí di òní.

Nǹkan kẹta: ìwé

Ní ìgbà kan náà tí aṣọ wa ń lọ sí Brazil, aró ti di owó ńlá ní àríwá Amẹ́ríkà. Obìnrin kan ló sì wà nídìí rẹ̀, Eliza Lucas, tí wọ́n bí sí erékùṣù Antigua ní 1722. Sójà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ogun pe bàbá padà sí Antigua ní 1739, ó fi oko ńlá mẹ́ta ní South Carolina sílẹ̀ fún un láti máa bójú tó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni!

Eliza máa ń da àwọn lẹ́tà tó bá kọ kọ sínú ìwé kan. Ìwé yẹn ṣì wà, ní South Carolina Historical Society. Nínú rẹ̀ la ti ń ka bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi irúgbìn ránṣẹ́, àti bí òtútù ṣe ba ohun tó kọ́kọ́ gbìn jẹ́. Wọ́n gba ọkùnrin kan, Cromwell, láti erékùṣù Montserrat pé kó wá ṣe aró fún wọn. Nínú lẹ́tà tí Eliza kọ sí ọmọ rẹ̀ ní 1785, ó ní ṣe ni Cromwell da omi ẹfun sísun tó pọ̀ jù sínú rẹ̀ títí àwọ̀ fi bàjẹ́, nítorí kò fẹ́ kí aró ibẹ̀ ba ọjà ìlú tirẹ̀ jẹ́. Ẹfun sísun náà, álíkálì ni. Díẹ̀ ń ran aró lọ́wọ́ láti sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ń bà á jẹ́.

Ní 1744 ó bọ́ sí i. Eliza pín irúgbìn fún àwọn ará àdúgbò, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá ṣòfin ní 1748 láti máa san owó àfikún lórí aró tó bá ti ibẹ̀ wá. Kí ogun òmìnira tó bẹ̀rẹ̀, aró tí wọ́n ń kó jáde lọ́dún kan ti wúwo ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ.

Ta ló wà nídìí àgbá yẹn? Ẹrú ni. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí aró kì í ti í ṣe nǹkan tuntun. Ìtàn sọ pé lẹ́yìn wàhálà Cromwell, bàbá Eliza fi ọkùnrin dúdú kan tó mọṣẹ́ náà ránṣẹ́ láti erékùṣù àwọn Faransé. Mi ò bá Eliza jà o. Ọmọdébìnrin tó gbìyànjú, tó kùnà, tó tún un ṣe, tó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni nínú sáyẹ́ǹsì. Àmọ́ àwọn obìnrin tó ń ro oko yẹn, tó ń gé ewé, tó ń fa omi, wọn ò ní ìwé lẹ́tà.

Ìkòkò kẹrin

Lẹ́yìn ìkùnà mi kẹta, mo pe Màmá Àgbà lórí fóònù.

"Níbo lo gbé e sí?" wọ́n bi mí.

"Inú yàrá iṣẹ́ wa, mà. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀."

"Òtútù nìyẹn. Ta ló wá ń ṣí i?"

"Èmi ni, mà. Láràárọ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, ṣé ọbẹ̀ lò ń sè ni? Aró tí o ò jẹ́ kó sùn, báwo ló ṣe máa jí?"

Ẹ wò ó. Gbogbo ìgbà tí mo bá rò ó ni mò ń da ọ́síjìn sínú rẹ̀. Òtútù sì ń dá àwọn bakitéríà dúró. Ohun tí mo fi odindi orí kan kà nínú ìwé nìyẹn, gbólóhùn kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo wá bèèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń tọ́ ọ lá. Wọ́n ní omi eérú tó dáa gbọ́dọ̀ yọ̀ bí ọṣẹ kó sì ta ahọ́n díẹ̀; tó bá ta jù, á jẹ aṣọ. Òótọ́ ni: álíkálì máa ń sọ ọ̀rá ara wa di ọṣẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tọ́ aró òde òní lá o. Sódà kọ́sítíìkì ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, á bó yín lẹ́nu.)

Mo ra ìkòkò amọ̀, mo dé e, mo gbé e síta níbi tí oòrùn ń dé, mo fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ keje, awọ kan tó ń dán bíi bàbà ti bo ojú omi. Mo ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ó jáde láwọ̀ ewé, ó di aró lójú mi. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Kò lọ.

Ìjà kékeré kan ló kù báyìí. Nínú ìwé ìwádìí mi, ojú ewé ìdúpẹ́ ni mo kọ́kọ́ kọ orúkọ Màmá Àgbà sí. Mo ti gbé e kúrò níbẹ̀, mo kọ ọ́ sí ibi tí mo ti ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀gá mi bi mí pé ìwé wo ni ìyá náà tẹ̀ jáde tí mo fi ń tọ́ka sí wọn. Mo gbé aṣọ náà lé orí tábìlì. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò ní yọ orúkọ yẹn.

Tí ẹni tó mọṣẹ́ bá wà nílé yín, ìyá aláró ni o, amọ̀kòkò ni o, ẹni tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ni o, ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: kí lẹ máa ń ṣe, kí lẹ fi ń mọ̀ pé ó ti tó, ta ló kọ́ yín? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹ sì kọ orúkọ wọn sí i.

Ó dìgbà kan ná.