Ta Ni Yóò Wà Nídìí Ìkòkò?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ìpàgọ́ ọdún bá ti kù dẹ̀dẹ̀, òwe yìí ni ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ fi ń ṣí ìpàdé. Ààrẹ á dìde, á ní iṣẹ́ pọ̀, owó kò tó, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, gbogbo ilé á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá pín iṣẹ́. Ìpín iṣẹ́ yẹn ni mo ní ẹjọ́ láti rò lé lórí.

Níbi ìpàgọ́ kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, obìnrin bí ọgọ́rùn-ún ló péjọ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Olùkọ́ tí wọ́n pè mọ Bíbélì dáadáa. Bí abiyamọ ṣe lè rí ìsinmi nínú Olúwa ni ẹ̀kọ́ náà dá lé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tù wá lára. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọ́ wa lọ́wọ́, àwọn obìnrin kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn nínú èéfín, wọ́n ń ro àmàlà. Àwọn kan náà ló se ẹ̀kọ tí a mu láàárọ̀, àwọn náà ló tún padà wá se ìrẹsì lálẹ́. Ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Iye owó tí mo san ni òun náà san. Nígbà tí a ń wọ mọ́tò lọ sílé, mo bi í léèrè pé èwo ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò tíì jókòó o." Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ọwọ́ ta ni à ń gbá jọ gan-an? Ẹ wo orúkọ tí wọ́n máa ń kọ fún ilé ìdáná. Ìyàwó tuntun ni, tàbí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sí nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, tàbí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Àwọn tó gba oyè ìjọ kì í sí níbẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ kì í sí níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn kan là ń gbá jọ, àyà àwọn mìíràn la fi ń sọ.

Wọ́n á ní iṣẹ́ ìsìn ni, èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run. N kò bá wọn jiyàn lórí èrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka Ìwé Mímọ́ dé ibi tó kan ọ̀rọ̀ ìpàgọ́. Nínú Máàkù orí 6, ó ti rẹ àwọn àpọ́sítélì, èrò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè jẹun pàápàá, ni Jésù bá pè wọ́n pé kí wọ́n yà sí apá kan láti sinmi. Òun ni ìdí tí a fi ń pàgọ́. Wòlíì Èlíjà sá fún Jésíbẹ́lì, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi kan nínú aginjù, ó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì kò bá a wí, kò sì ní kó dìde wá gbàdúrà. Ó jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, Èlíjà jẹ, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i kó tún jẹ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí Èlíjà lọ ṣẹ́gi. Nígbà tí Olúwa jíǹde, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbogbo òru pẹja, òun fúnra rẹ̀ ló dáná èédú sí etí òkun, tó yan ẹja, tó pè wọ́n wá jẹun. Ó wà nínú Jòhánù orí 21. Bí Olúwa bá lè dáná fún ẹni tó ti rẹ̀, kí ló dé tí àwa yóò mú ẹni tó ti rẹ̀, tí a ó ní kó wá dáná fún wa?

Àwọn oníwàásù wa sì fẹ́ràn láti máa bá Màtá wí. Wọ́n á ní ó fi Olúwa sílẹ̀, ó lọ ń kó ọkàn lé oúnjẹ. Kí àwọn tó ń gbọ́ ìwàásù náà tó ṣe àmín tán, oúnjẹ àlejò ti gbọ́dọ̀ délẹ̀, bí ó bá sì pẹ́, wọ́n á rojú. Ìwà yìí kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo obìnrin jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ bí Màríà arábìnrin Màtá gbọ́dọ̀ ti ṣètò ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ilé ìdáná kí ẹ tó wá oníwàásù, kí ẹ sì tó mú aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ gba alásè. Kò sí ìlú tí kò sí àwọn tó ń sè níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ẹ pè wọ́n bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ ná an, ẹ kọ oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ fún wọn ní àsansílẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí owó. Oúnjẹ kò ní láti pọ̀ ní oríṣi. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, àmàlà tàbí ẹ̀bà lálẹ́, ó parí.

Wọ́n á ní owó kò sí. Owó wà. Ó wà nínú ankara tí ẹ ń rà lọ́dọọdún, ó wà nínú ike àti aṣọ ìnura tí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí, ó wà nínú bánà ńlá tí ẹ so sí ẹnu ọ̀nà àgọ́. Obìnrin tó ti wà nínú ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ti ní ankara tó tó. Ẹ yọ aṣọ kúrò ní ọdún kan péré, ẹ ó rí i pé owó alásè yọ, á sì tún kù fún àwọn opó tí kò lè san. Àwọn obìnrin wa sì mọ àjọ dá ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ìpàgọ́ bá wà ní oṣù kẹwàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ rẹ̀ ní oṣù kìíní, díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ tún ro ọjọ́ dáadáa. Ìparí oṣù kẹjọ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án kò dára, torí àkókò náà ni abiyamọ ń wá owó ilé ìwé àti ìwé kíkà. Ní ìlú tí ọjà rẹ̀ jẹ́ ọrọọrún, ẹ ka ọjọ́ ọjà sórí kàlẹ́ńdà kí ẹ tó kéde, torí ọjà ọrọọrún kì í dúró sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Aláta tí ìpàgọ́ bọ́ sí ọjọ́ ọjà rẹ̀ kò ní wá, bó bá sì wá, ọkàn rẹ̀ á wà lọ́jà.

Ní ti ibi tí a ó lò, mo mọ bí ọkàn àwọn obìnrin ìjọ C.A.C. ṣe máa ń fà sí Ìkéjì-Arákejì, torí agbègbè ibẹ̀ ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti gbọ́ ìpè ní 1928, nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kó jẹ́, kí ẹni méjì lọ wò ó kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí obìnrin ọgọ́rùn-ún bá ń lo gálọ́ọ̀nù onílítà 20 kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, lítà 2,000 nìyẹn. Ṣé táǹkì wọn gbà á? Ta ló ń fa omi sí i bí iná bá lọ? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó ló wà, ṣé ó ní ilẹ̀kùn? Ṣé àwọn ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè gun òkè náà? Bí omi kò bá sí, àwọn obìnrin ilé ìdáná yẹn náà ni ẹ ó tún rán lọ pọnmi.

Ètò àkókò ńkọ́? Ẹ ń ṣe ìṣọ́ òru títí di aago mẹ́ta, ẹ sì ń lu agogo ní aago márùn-ún. Ìṣọ́ òru alẹ́ kan tó. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ lọ́sàn-án kí wọ́n sùn, ẹ má sì jẹ́ kí oníwàásù jẹ ẹ́ mọ́ tirẹ̀. Ẹ má fi dandan mú gbogbo ènìyàn gbààwẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá oògùn dúró torí pé ó wà ní àgọ́ àdúrà. Ẹ gba nọ́ọ̀sì kan, ẹ sanwó fún un. Ẹ má pe nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ kó wá fi ìsinmi tirẹ̀ tọ́jú wa.

Mo mọ ohun tí òwe àgbájọ ọwọ́ yẹn ti ṣe fún wa. Mary Sumner bẹ̀rẹ̀ Mothers' Union ní 1876 nínú ìjọ tí ọkọ rẹ̀ ń darí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá díẹ̀ ló kó jọ, ẹgbẹ́ náà sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. W.M.U., ẹgbẹ́ obìnrin àwọn Onítẹ̀bọmi, ti wà ní Nàìjíríà láti 1919, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni àwọn ìyá wa fi gbé iṣẹ́ míṣọ́nnárì ró. Ọwọ́ tí a gbá jọ ló ṣe é. Iṣẹ́ ti mọ́ ẹgbẹ́ obìnrin lára débi pé bí a bá ní ká sinmi, iṣẹ́ la tún ń pín. Níbí ni òwe àwọn àgbà kò ti bá wa dé. Ọjọ́ ìpàgọ́, ẹ tú ọwọ́ náà sílẹ̀.

Bí ẹ bá sì ṣì fẹ́ gbá ọwọ́ jọ, ọwọ́ àwọn ọkùnrin ìjọ wà nílẹ̀. Kí pásítọ̀ kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ fún ọjọ́ Àìkú mẹ́ta pé àwọn bàbá ni yóò tọ́jú ọmọ nílé ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹgbẹ́ ọkùnrin gbé ẹ̀rọ iná wá, kí wọ́n pọnmi, kí wọ́n sì fọ ìkòkò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Mi ò sọ pé ká ti ilé ìdáná mọ́ ẹnikẹ́ni o. Ọ̀rọ̀ tó dùn pọ̀ nídìí ààrò, mo fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ìyá kan sì wà tó jẹ́ pé níbẹ̀ gan-an ni ara ti ń tù wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ din àkàrà fún wa láàárọ̀ Sátidé, kó wá din ín, a ó jẹ ẹ́, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọ orúkọ fún ilé ìdáná ti ọdún yìí, ẹ mú ìwé náà jáde ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè ní ìdákọ́ńkọ́, níbi tí kò ti ní tijú, bóyá ìdáná ló fẹ́ tàbí ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀.